Káàdì Pupa Lára Ìwé Ọgọ́rùn-ún Ọdún

Òǹtẹ̀ mi ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún 1993. Ohun tí mi ò bá bu òǹtẹ̀ lù kì í kúrò nílé iṣẹ́ wa.

Trautvogel & Söhne ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ní àdúgbò Wedding, ní Berlin. Ìdílé kan ló ni ín. Àwọn irin kéékèèké tí ilẹ̀kùn bàálù fi ń ṣí, tó sì fi ń tì, ni a ń ṣe. Irin kan kò ju àtàǹpàkò lọ. Tí ó bá ṣẹ́ lókè, kò sí ẹni tó máa padà wá fẹjọ́ sùn. Nítorí náà òfin wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Irin tí kò ní ìwé, pàǹtírí ni, bó ti wù kó dán tó. Irin tí mo bá rí àbùkù lára rẹ̀, mo máa so káàdì pupa mọ́ ọn. Tí káàdì pupa bá ti wà lára ẹyọ kan, gbogbo àwọn tí a jọ ṣe pẹ̀lú rẹ̀ máa wọ àhámọ́. Yàrá kan ni, tí wọ́n fi wáyà yí ká, lẹ́yìn ibi tí a ti ń di ẹrù. Èmi àti ẹnì kejì mi tí a jọ ń yẹ irin wò nìkan la ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀gá kò ní. Ìjọba ló ní kí ọ̀gá má ní in. Wọ́n mọ ọ̀gá.

Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Ó yẹ kí n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa gbapò mi. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń wá a.

Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀gá wa báyìí, ọmọ-ọmọ-ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ni. Leon ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa pe òun ní Leon. Herr Trautvogel ni mo ń pè é, Ọ̀gbẹ́ni Trautvogel. Ó máa ń dùn ún.

Ó pè mí wọ ọ́fíìsì.

"Herr Adéoyè, mo ní èrò kan."

Mo jókòó. Èrò rẹ̀ kì í yá.

Ó ní àwọn ń ṣe ìwé nípa ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Hamburg ni wọ́n ti máa kó o jáde, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ń ra irin wa ti ń to bàálù wọn. Ó fẹ́ kí ìwé náà kúrò nílé iṣẹ́ bí irin ṣe ń kúrò: pẹ̀lú nọ́ńbà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ mi lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Ó ti fi orúkọ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà bàálù.

"Kò sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí," ó ní.

"Ẹ ti fi sínú kọ̀ǹpútà?"

"Mo ti fi sí i. Fúnra mi."

"Ó ti di ẹ̀yà bàálù nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an." Inú rẹ̀ dùn.

"Mo máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ kàn bu òǹtẹ̀ lù ú, Herr Adéoyè. Ìwé ni. Kò ní fò."

"Ẹ ò sọ fún kọ̀ǹpútà pé kò ní fò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Ẹni tó ń ṣe ìwé náà ni Fọláwùnmí, ọmọ mi. Ó ti wà ní ọ́fíìsì ìpolówó wọn láti bí oṣù márùn-ún ààbọ̀. Ní Jámánì, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní Probezeit. Láàárín rẹ̀, wọ́n lè ní kí o máa lọ láìsọ ìdí. Ti Fọláwùnmí máa parí ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ayẹyẹ Hamburg. Ó ti fi ọdún méje ṣe iṣẹ́ kéékèèké, oṣù mẹ́ta ní Kreuzberg, oṣù mẹ́rin ní Schöneberg. Ó fẹ́ ibi tó lè jókòó sí. Èmi kọ́ ni mo bá a wá iṣẹ́ náà. Mo kàn sọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba lẹ́tà fún un.

Mo gbé ìwé náà lọ sílé. Igba ojú ewé ó lé mẹ́rìnlá ni. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, bí mo ti máa ń ṣe fún irin.

Bébà rẹ̀ dára. Ojú ewé mẹ́rìnlá sọ nípa àwọn ajá ilé iṣẹ́. Márùn-ún ni wọ́n láti 1924. Orúkọ kálukú wọn wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, àti ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti jẹ. Ojú ewé mẹ́sàn-án sọ nípa ẹ̀rọ kọfí kan tí wọ́n rà ní Italy. Àwòrán ẹni tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbọ̀nrín tó yìnbọn pa. Àwọn méjèèjì ń wo kámẹ́rà.

Láti 1938 títí di 1946, ojú ewé kan. Ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta. Àwòrán igi kan nínú yìnyín ló gba ìdajì rẹ̀. Gbólóhùn méjì ló wà lábẹ́ igi náà: "Ọdún líle ni wọ́n. Iṣẹ́ kò dúró."

Mo wọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́jọ, ojú ewé kan. Ajá kan, ojú ewé mẹ́ta dín díẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń ṣe nígbà ogun. Irin kan náà ni, fún bàálù ogun. Kò sí ẹni tó ń sẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Èyí kọ́ ló dá mi dúró. Òǹkà ló dá mi dúró. Ojú ewé ọgọ́ta sọ pé nígbà tí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sógun, arúgbó márùndínláàádọ́ta ló kù nílé iṣẹ́. Ojú ewé kejìlélọ́gọ́ta sọ pé lẹ́yìn ogun, àwọn tó ṣẹ́gun kó ẹ̀rọ igba ó lé mẹ́wàá lọ. Orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rà á. Wọ́n kọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń kọ orúkọ òkú.

Arúgbó márùndínláàádọ́ta kò lè lo igba ẹ̀rọ. Ọwọ́ méjì méjì ni wọ́n ní.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan wà níbẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Inú rẹ̀ ni káàdì àwọn ẹ̀rọ wà. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti 1924 ló ní káàdì tirẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n rà á, ọjọ́ tí wọ́n fi epo sí i, ẹni tó ń lò ó. Ilé iṣẹ́ wa mọ bí a ṣe ń da èèyàn nù. Ìwé ni wọn kò mọ bí a ṣe ń dà nù.

Mo fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ mẹ́ta kà wọ́n. Láti 1942, orúkọ tó wà níbi "ẹni tó ń lò ó" yí padà. Obìnrin láti Ukraine. Obìnrin láti Poland. Ọkùnrin díẹ̀ láti France. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn wá, wọn kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ọ̀gá kékeré kan ló kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ó kọ ọjọ́ orí wọn. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Níwájú àwọn kan, ó kọ "àìsàn" àti ọjọ́ kan. Lórí ìlà tó tẹ̀lé e, orúkọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Iṣẹ́ kò dúró. Ìwé náà kò purọ́ níbẹ̀.

Mo ka orúkọ. Mo tún un kà. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Fọláwùnmí wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Àbẹ̀ní ìyàwó mi gbé ìrẹsì kalẹ̀.

"Fọláwùnmí," mo ní, "ta ló kọ ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta?"

"Èyí tó ní igi? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi, Dádì. Ọ̀dọ̀ lọ́yà wọn ló ti wá. Leon ní kí n má fọwọ́ kàn án, kí n kàn wá àwòrán tó dáa sí i."

"O wá igi."

"Igi yẹn rẹwà."

"Ó rẹwà. Èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún gbé e.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù fún Probezeit mi. Ẹ bu òǹtẹ̀ lù ú. Tí mo bá ti wọlé tán, màá fi wọ́n sínú ìwé tó ń bọ̀."

"Ìgbà wo ni ìwé tó ń bọ̀?"

"Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Fọláwùnmí kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Ta ni kí n bẹ̀? Ọkùnrin tí mo ti ń se ọbẹ̀ fún láti ọdún mẹ́rìnlélógójì. Mo bá ní ṣé ó dùn, á ní iyọ̀ ku díẹ̀." Àbẹ̀ní yíjú sí mi. "Bàbá Fọláwùnmí, irin yẹn kì í ṣe ọmọ yín. Ìwé yẹn kì í ṣe ọmọ yín. Ẹni tó jókòó síbí yìí lọmọ yín. Ẹ rò ó."

Mo rò ó. Mo jẹ ìrẹsì mi tán.

"Iyọ̀ ńkọ́?" Àbẹ̀ní bi mí.

"Ó tó."

"Ó ti ń purọ́," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ìrètí wà."

Ìrètí kò sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, irinwó ìwé dé láti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Mo mú ọ̀kan, mo kọ káàdì pupa. Ibi àbùkù: ojú ewé 61. Irú àbùkù: èèyàn 163 kò sí níbẹ̀. Àtúnṣe: ẹ fi wọ́n sí i. Mo so ó mọ́ ìwé náà, mo gbé e fún Uwe, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù.

Uwe ka káàdì náà. Kò wo ìwé.

"Déètì ńkọ́?" ó ní.

Mo kọ déètì sí i.

"Ó pé báyìí." Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ kó irinwó ìwé wọ àhámọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe nílé iṣẹ́ wa. Wọn kì í béèrè ìdí. Déètì ni wọ́n ń béèrè. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 1942.

Leon sọ̀kalẹ̀ wá kó tó di aago mẹ́wàá. Ó dì mọ́ wáyà àhámọ́, ó ń wo ìwé rẹ̀.

"Ẹ ṣí i."

"Kò ṣeé ṣí."

"Èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ yìí."

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ ò ní kọ́kọ́rọ́."

Ó ní kí a pe ẹnì kejì mi. Mo ní ẹnì kejì mi wà létí òkun ní Spain, ó sì ti pa fóònù rẹ̀. Ó ní òun máa pa orúkọ ìwé náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mo rán an létí pé ohun tó bá ti gba káàdì pupa, tí a bá pa á rẹ́, ìjọba máa rí i. Àwọn ayẹ̀wéwò wọn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá rí i pé ọ̀gá fọwọ́ kan àhámọ́, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ wa.

"Nítorí ìwé nípa ajá?" ó ní.

"Ẹ̀yà bàálù ni. Ẹ̀yin lẹ fi sínú kọ̀ǹpútà."

Ó jókòó lórí àpótí kan. Ó yọ bírò jáde.

"Ó dáa. A máa fi gbólóhùn kan kún un. 'Àwọn ọ̀rẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè náà ràn wá lọ́wọ́.'"

"Ta ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́?"

"'Àwọn àlejò.'"

"Àlejò máa ń padà sílé."

"'Àwọn èèyàn kan.'"

"Mélòó?"

"'Ọ̀pọ̀ èèyàn.'"

"Ọ̀pọ̀ kì í ṣe ìwọ̀n, Herr Trautvogel."

Ó wò mí. "Ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ ti lò níbí. A ti dà bí ìdílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà."

Ó dìde, ó gbọn sòkòtò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ mọ̀ pé Fọláwùnmí ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀. Tí kò bá sí ìwé ní Hamburg, òun ni kò ṣe é. Ó máa dùn mí."

"Mo mọ̀," mo ní.

Mo mọ̀ lóòótọ́. Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mo yẹ irin ọgọ́fà wò ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán. Mi ò rántí ọ̀kan nínú wọn.

Fọláwùnmí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó wá bá mi nídìí iṣẹ́, ó na ọwọ́. Mi ò béèrè ohun tó fẹ́. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nígbà tó jáde, eruku wà lórí irun rẹ̀.

"Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí àgbàlá," ó ní. "Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́."

"Mo rí i."

"Dádì, mo ṣì ń bínú sí yín."

"Mo gbọ́."

Ó gòkè lọ bá Leon. Ó ní òun lè tẹ ewé kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Müllerstraße, kí àwọn fi ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta nínú gbogbo irinwó náà, gbogbo orúkọ, kó sì parí kó tó di ọjọ́ tí a máa lọ. Leon béèrè bóyá igi náà máa ṣì hàn. Ó ní ó máa hàn. Leon gbà.

"Wọn ò kúkú ní kà á," ó sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ fi tù mí nínú.

Fọláwùnmí kọ ewé náà fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé náà, ìyẹn nìkan ni kò gba ọwọ́ lọ́yà kọjá. Mo fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé káàdì. Kò sí àbùkù. Mo yọ káàdì pupa, mo bu òǹtẹ̀ lù ú.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sí Hamburg. Ọgọ́sàn-án ìwé la kó dání, fún ọgọ́sàn-án àlejò. Gbọ̀ngàn náà wà létí odò Elbe. Láti ojú fèrèsé, o lè rí ibi tí wọ́n ti ń to bàálù ní òdìkejì odò. Wọ́n ń gbé ẹja kékeré kiri lórí búrẹ́dì tó kéré jù ú lọ.

Leon sọ̀rọ̀. Ó ní èrò ìdílé òun kò jẹ́ kí òun sinmi, òun fúnra òun gòkè lọ sí àjà, òun ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́, òun sì rí àwọn orúkọ. Ó ní àwọn kan ní kí òun má ṣe é. Ó ní òun ṣe é. Ó ní ilé iṣẹ́ tí kò bá lè wọ̀n ara rẹ̀ kò lè wọ̀n irin.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin kan nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tábìlì. Ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin wa sọ "ìgboyà" lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti rí bébà tó dára bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Leon sọ̀kalẹ̀, ó gbá Fọláwùnmí lọ́wọ́ mú níwájú mi. "Lọ́jọ́ Ajé, wá sí ọ́fíìsì mi. Ìwé iṣẹ́ rẹ ti wà nílẹ̀, tí kò ní déètì òpin. Bíbuwọ́lù ló kù."

Èjìká Fọláwùnmí sọ̀kalẹ̀. Mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ọdún méje.

Ní tábìlì iwájú, ìyá àgbà kan jókòó. Ọmọ ìkẹyìn ẹni tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà, òun nìkan ló ń ka ìwé. Ó fi ìka tẹ̀lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí ewé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣẹ́wọ́ sí mi.

"Ẹ̀yin ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?"

"Èmi ni, ìyá."

"Halyna kò sí níbí."

"Halyna wo?"

"Tiwa. Ilé iṣẹ́ ló fún wa. Kíṣìnì wa ló ń sùn. Òun ló ń fọ irun mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn."

"Ẹ̀rọ wo ló ń lò?"

"Kò lo ẹ̀rọ. Èmi ló ń tọ́jú." Ó tún wo ìwé náà. "Lọ́jọ́ kan, ẹlòmíràn ló fọ irun mi. Ọwọ́ ẹni yẹn le."

"Ẹ ò sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé yìí?"

"Wọn ò bi mí. Àwọn ajá ni wọ́n bi mí."

"Kí ni orúkọ bàbá rẹ̀?"

"Mi ò bi í."

Mo dúró níbẹ̀. Káàdì ẹ̀rọ ni mo kà. Ẹni tí kò dúró nídìí ẹ̀rọ, mi ò wá a. Irin tí kò ní ìwé, pàǹtírí ni: bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka èèyàn náà. Mo sì ti bu òǹtẹ̀ lù ú.

Òfin wa lórí irú èyí kò ṣòro. Ayẹ̀wòṣẹ́ tó bá rí àbùkù nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti tú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ sùn lójú ẹsẹ̀. Leon wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí mi. Fọláwùnmí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ro ọjọ́ Ajé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1993, mo rí àbùkù, mi ò sì lanu.

Fọláwùnmí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àpò àyà mi, ó yọ bírò mi.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé yín," ó sọ fún ìyá àgbà náà ní èdè Jámánì.

Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ewé náà: "164. Halyna. Orúkọ bàbá: a kò bi í." Ó yí ìwé náà sí mi. Ayẹ̀wòṣẹ́ kì í fi òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan. Ó wà lápò mi. Mo bu ú lu ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà.

Ó lọ sí tábìlì kejì. Mo tẹ̀ lé e.

Àwọn àlejò rò pé òǹkọ̀wé ló ń buwọ́ lùwé fún wọn. Wọ́n tò sí ìlà. Wọ́n mú ife wọn dání, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé òǹtẹ̀ náà jẹ́ èrò tó dára.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ fún Sabine," ni obìnrin kan wí.

Fọláwùnmí kọ Halyna.

"Orúkọ yín nìyẹn?"

"Rárá."

"Ó rẹwà ṣá," ni obìnrin náà wí, ó sì fi ìwé náà sínú báàgì.

A ti ṣe tó ọgọ́rin kí Leon tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń ya fọ́tò wà níbẹ̀, nítorí náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ẹ̀rín náà sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Àtúnṣe," ni Fọláwùnmí dáhùn. "Ẹnì kan ṣẹ́kù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá àgbà yín. Ó ní kíṣìnì yín ló ń sùn."

Ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́.

"Fọláwùnmí, gbọ́ mi. Ilé iṣẹ́, ó dáa. Ilé iṣẹ́ jẹ́ ìtàn. Mo ti sọ ọ́, wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kíṣìnì náà ṣì wà. Ìyàwó mi ń dáná níbẹ̀. Fi bírò yẹn sílẹ̀, kí o jókòó. Rántí ọjọ́ Ajé."

Fọláwùnmí wò mí. Mi ò sọ pé kó dúró. Mi ò sọ pé kó máa bá a lọ. Mo mú òǹtẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo rántí," ó sọ fún Leon. Ó yíjú sí ẹni tó kàn lórí ìlà, ó gba ìwé rẹ̀.

Mọ́kànléláàádóje la ṣe. Àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta yòókù ti gbé ìwé wọn lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sùn títí a fi dé Spandau, lẹ́bàá Berlin. Mi ò jí i.

Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọfí, mo so káàdì pupa mọ́ ogúnlénígba ìwé tó kù ní Berlin, mo sì kọ ọ̀kan tó ní orúkọ ara mi níbi "ẹni tó ṣe àṣìṣe". Ní aago mẹ́wàá Fọláwùnmí gòkè lọ sí ọ́fíìsì Leon. Ìwé ti wà nílẹ̀ lóòótọ́. Kì í ṣe èyí tí wọ́n wí ní Hamburg. Gbólóhùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kí i pé kó ṣe déédéé níbòmíràn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó ṣẹ́kù nínú ti ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Èmi, wọn ò lé mi. Wọn ò tíì rí ẹlòmíràn.

Àbẹ̀ní ka lẹ́tà náà nílé, ó tún un kà. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí oúnjẹ tó délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa tábìlì mọ́, ó nu ún, ó sì gbé àpò ìwé àti sítáàǹpù ka iwájú ọmọ rẹ̀, láti inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ní ládùúgbò.

Fọláwùnmí mọ àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta náà. Òun ló pè wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé yín sí ojú ewé kọkànlélọ́gọ́ta, ẹ mú bírò. Bó ti ń kọ ọ́ tán ló ń tì í sí mi. Mo ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìkejìlá, ó ti gbàgbé déètì. Mo dá a padà fún un.

Ó fa bébà mìíràn, ó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.